Sáìtì mi ń ṣí dáadáa lórí IPv4, lórí IPv6 sáàtífíkéètì sáìtì mìíràn ló ń jáde (nginx reverse proxy)

OmoOkeAdo

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ kan ti dá mi lágara láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní sáfà kékeré kan, Ubuntu ni, nginx ló wà níwájú tó ń gba àlejò, tó ń darí wọn sí sáìtì tí wọ́n béèrè (reverse proxy nìyẹn), sáìtì méjì ló sì wà lẹ́yìn ẹ̀: ọ̀kan ni ti màmá mi tó ń ta àdìrẹ, Node ni mo fi kọ ọ́, pọ́ọ̀tù 3000 ló wà, èkejì ni ti ẹgbẹ́ àwa tá a jọ jáde níléèwé, ìyẹn wà ní pọ́ọ̀tù 8000. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Ọ̀sẹ̀ tó lọ ni mo wá rí i pé àwọn tó ni sáfà fún wa ní IPv6 (irú àdírẹ́ẹ̀sì íńtánẹ́ẹ̀tì tuntun tó gùn ju IPv4 lọ) mọ́ ọn, ni mo bá fi AAAA (àkọsílẹ̀ tó ń tọ́ka orúkọ sáìtì sí IPv6) sí DNS sáìtì méjèèjì, mo fi listen [::]:443 (kí nginx máa gbọ́ lórí IPv6, ní pọ́ọ̀tù 443 tí HTTPS ń lò) sí config, mo rò pé ó ti parí nìyẹn.

Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Peckham ṣe pè mí pé òun fẹ́ fi àdìrẹ tuntun han àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni browser gbé ìkìlọ̀ jáde pé sáìtì yẹn ò ṣeé fọkàn tán, nígbà tó wá wo ìdí ẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ wa ló rí lórí sáàtífíkéètì, kì í ṣe orúkọ ṣọ́ọ̀bù màmá wa. Èmi tí mo wà n'Íbàdàn, mo ṣí i lórí fóònù, mo ṣí i lórí láàpù, geere ló ń ṣí. Ojú ń tì mí lọ́dọ̀ màmá mi báyìí torí àwọn tó wà lókè òkun ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń rà á lórí sáìtì yẹn. Kí ló lè fà á?

Baba_Sáfà

Pẹ̀lẹ́ àbúrò, a máa rí i yanjú. Ohun tó jẹ́ kí n fura ni pé ó ń ṣí fún ẹ, kò ṣí fún ẹ̀gbọ́n ẹ. Ó ní láti jẹ́ pé IPv4 nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì tìẹ ní, tí ti ẹ̀gbọ́n ẹ sì ní méjèèjì.

Fi sọ́kàn pé ojúlé méjì ni sáfà ẹ ní báyìí, ojúlé IPv4 àti ojúlé IPv6, wọn ò sì mọra wọn rárá. Nínú DNS, àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní A ló ń júwe ti IPv4, AAAA ló ń júwe ti IPv6. Browser tó bá rí méjèèjì, ti IPv6 ló máa ń kọ́kọ́ kàn, tí wọn ò bá tètè dá a lóhùn á tún lọ kan ti IPv4 mọ́ ọn, ìlànà tí wọ́n ń pè ní Happy Eyeballs nìyẹn, RFC 8305 tó jáde ní 2017 ló là á sílẹ̀, 250 millisecond ni wọ́n ní kó fi dúró. Òun ló máa ń bo àṣírí wa nígbà tí ojúlé IPv6 bá tì pa. Ṣùgbọ́n tìẹ yìí ò tì! Ẹnì kan ṣílẹ̀kùn fún àlejò, kì í kàn ṣe ẹni tí àlejò wá wá ni. Browser ò ní pa dà lọ gbìyànjú IPv4 mọ́ torí ó ti rí ẹni dá a lóhùn.

Kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan, yọ AAAA ti àdìrẹ kúrò ná kí oníbàárà lè máa rà, kó o sì dín TTL ẹ̀ (iye ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n fi ń rántí àkọsílẹ̀ DNS kí wọ́n tó tún béèrè) kù sí 300. Lẹ́yìn náà fi ohun tí àwọn méjì yìí bá sọ hàn wá:

```
sudo ss -tlnp | grep nginx
grep -rn listen /etc/nginx/sites-enabled/
```

Tó o bá ń lẹ̀ ẹ́ síbí, má fi àdírẹ́ẹ̀sì gidi sí i o. 2001:db8::/32 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ, ìyẹn ni kó o fi rọ́pò ẹ̀.

OmoOkeAdo

Ẹ ṣé sà. Mo ti yọ AAAA. Ohun tí mo rí rèé (0.0.0.0 ni ti IPv4, [::] ni ti IPv6):

```
0.0.0.0:443   nginx
[::]:443      nginx
0.0.0.0:80    nginx

adire:  listen 80;
adire:  listen 443 ssl;
egbe:   listen 80;
egbe:   listen 443 ssl;
egbe:   listen [::]:443 ssl;
```

Mo ti rí i pé fáìlì ẹgbẹ́ nìkan ni mo fi láìnì yẹn sí. Ṣùgbọ́n sà, nginx kan náà ló ń darí méjèèjì, mo rò pé tó bá ti ṣí [::]:443 lẹ́ẹ̀kan ó ti tó fún gbogbo wọn ni?

AraHouston

Kò tó o. Ibi tó ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn, ó mú èmi náà rí.

Kí nginx tó wo server_name (orúkọ sáìtì), àdírẹ́ẹ̀sì àti pọ́ọ̀tù tí àlejò gbà wọlé ló kọ́kọ́ máa ń wò. Tí èèyàn bá gba [::]:443 wọlé, gbogbo server (abala sáìtì kọ̀ọ̀kan nínú config) tó ní listen [::]:443 ló máa kó jọ, àárín àwọn yẹn nìkan ló sì ti máa wá orúkọ tí wọ́n béèrè. Nínú config tìẹ, ti ẹgbẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Tí kò bá wá rí orúkọ àdìrẹ láàárín wọn, default ló máa lò, èyí tó bá kọ́kọ́ kà ló sì ń fi ṣe default tó ò bá yan ọ̀kan fún un. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n ẹ fi béèrè àdìrẹ tí wọ́n fi sáàtífíkéètì ẹgbẹ́ hàn án.

Gbogbo server ló gbọ́dọ̀ ní láìnì mejì mejì, ní 443 àti ní 80 náà:

```
server {
    listen 443 ssl;
    listen [::]:443 ssl;
    server_name adire.example;
}
```

Má kọ ipv6only=on (kí láìnì yẹn gba IPv6 nìkan) sí i. Láti nginx 1.3.4 ló ti wà ní on fúnra ẹ̀, tó o bá sì lọ kọ ọ́ sínú server méjì, nginx -t (àṣẹ tó ń yẹ config wò) á pariwo lé ẹ lórí pé duplicate listen options.

Mo tún máa gbà ẹ́ nímọ̀ràn kó o ní server kan tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa dá àwọn tó ṣìnà pa dà lọ:

```
server {
    listen 443 ssl default_server;
    listen [::]:443 ssl default_server;
    server_name _;
    ssl_reject_handshake on;
}
```

Láti 1.19.4 ni ssl_reject_handshake ti wà. Tí ìyẹn bá wà níbẹ̀, lọ́jọ́ tó o bá tún gbàgbé láìnì kan, nginx á kọ̀ fún àlejò ni, kò ní fi orúkọ ẹlòmíì hàn án. Èmi ò kì í fi sáfà kankan sílẹ̀ láìní in.

KoboKobo

Kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ kó máa kọ láìnì mejì mejì? Ó ṣáà lè kọ `listen [::]:443 ssl ipv6only=off;` lẹ́ẹ̀kan, socket kan (ẹnu ọ̀nà tí nginx ti ń gbọ́) á gba IPv4 àti IPv6 pọ̀, ó parí.

Baba_Sáfà

Òótọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ẹ fún àbúrò yìí o, ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́, gbogbo àlejò IPv4 á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú log bíi ::ffff:203.0.113.7, app tó bá ń ka IP nínú X-Forwarded-For (ibi tí proxy máa ń kọ IP àlejò sí fún app) náà á máa rí i bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti kọ kóòdù tó ń fi IP wéra á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí kò sọ nù. Èkejì, ó ti ní listen 443 nínú fáìlì yòókù, tí socket kan bá fẹ́ gba méjèèjì pọ̀ tí òmíràn sì ti di IPv4 mú, Address already in use ló máa rí, reload lásán ò sì ní yanjú ẹ̀. Láìnì méjì ò pọ̀ jù. Ẹni tó bá ṣí fáìlì yẹn ní ọdún méjì sí i á rí ojúlé méjèèjì kedere.

Àwọn tó ń lo HAProxy, tó jẹ́ proxy bíi nginx, `bind :::443 v4v6` ló ń ṣe irú èyí tí KoboKobo sọ yẹn. Caddy tóun náà jẹ́ proxy sì rèé, méjèèjì ló máa ń gbọ́ fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn kọ nǹkan kan.

OmoOkeAdo

Mo ti ṣe é bí AraHouston ṣe wí, nginx -t ní kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n mi ò ní IPv6 nílé láti fi dán an wò, curl -6 (àṣẹ tó ń ṣí sáìtì gba IPv6) ń sọ fún mi pé kò rí ọ̀nà. Mi ò sì fẹ́ dá AAAA pa dà kó tún lọ ṣẹlẹ̀ sí oníbàárà.

AraHouston

Àìdá a pa dà gan-an ló dáa jù báyìí. Ẹni tó bá ní IPv6 lè dán an wò láìsí AAAA rárá:

```
curl -6 -I --resolve adire.example:443:[2001:db8::10] https://adire.example/
```

Ohun tí --resolve ń ṣe ni pé ó ń sọ fún curl pé má wulẹ̀ béèrè lọ́wọ́ DNS, ibi tó ò ń lọ rèé. Fi àdírẹ́ẹ̀sì gidi ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, mo ní IPv6 nílé, mo lè bá ẹ sá a láti ibí.

*[Nígbà tó yá]*

Mo ti sá a. Ti ẹgbẹ́ dáhùn, 200. Ti àdìrẹ náà dáhùn, sáàtífíkéètì ẹ̀ ló sì gbé jáde, kú oríire! Ṣùgbọ́n pọ́ọ̀tù 80 ò dáhùn rárá, ńṣe ló kàn ń dúró títí tí curl fi sú. Tó bá jẹ́ pé nginx ni kò gbọ́ níbẹ̀ ni, connection refused ni ǹ bá rí lójú ẹsẹ̀. Kéèyàn dúró báyìí láìrí èsì, firewall (ohun tó ń yan èyí tó lè wọlé sí sáfà) ni. Lọ wò ó.

OmoAjase

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, láti Pọ́tò-Nóvò ni mo ti ń kà yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti firewall yìí torí ó jẹ mí níyà.

Lórí Ubuntu, ufw ni wọ́n fi ń darí firewall, wo `/etc/default/ufw`, IPV6=yes ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, tó o bá wá ṣe `ufw status` wàá rí òfin kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan á ní (v6) lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá jẹ́ iptables lo fọwọ́ ara ẹ kọ, mọ̀ pé iptables ò mọ nǹkan kan nípa IPv6, ip6tables ló ń rí sí ìyẹn. Àwọn tó ni sáfà náà tún sábà máa ń ní firewall tiwọn nínú panel, níbẹ̀, tó o bá gba 0.0.0.0/0 láyè, IPv4 nìkan lo gbà láyè, o gbọ́dọ̀ tún fi ::/0 kún un. Ó jọ pé ibẹ̀ ni tìẹ wà.

Èyí tó wá jẹ mí níyà ni ICMP, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ kékeré tí àwọn ẹ̀rọ fi ń kìlọ̀ fún ara wọn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. A ti mọ́ ọn lára ní IPv4 pé kí èèyàn dí ICMP pa kí wọ́n má bàa lè ping sáfà, èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí IPv6. Nǹkan tí mo rí lẹ́yìn ẹ̀, ojú ìwé kékeré ń ṣí fáàá, èyí tó bá ní àwòrán ńlá á gbé orí jáde, á wá dúró síbẹ̀ lọ gbére, fún àwọn èèyàn kan nìkan, kì í ṣe gbogbo èèyàn. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń yẹ kóòdù mi wò, mo tiẹ̀ pààrọ̀ àwọn àwòrán yẹn. Kò sí nǹkan kan tó ṣe kóòdù. Nínú IPv6, router tó wà lójú ọ̀nà kì í gé packet (ègé dátà) tó bá tóbi jù, ńṣe ló máa ń dá a nù tí á sì fi ICMPv6 ránṣẹ́ sí ẹni tó rán an pé Packet Too Big, ẹ dín in kù. Èmi ti dí ICMPv6 pa, sáfà mi ò gbọ́ ìkìlọ̀ yẹn, ó ń rán èyí tó tóbi yẹn lọ ṣáá, wọ́n ń dà á nù ṣáá. Packet tí kò bá ju 1280 byte lọ ò ní ìṣòro, ó ń kọjá níbi gbogbo, ìdí nìyẹn tí ojú ìwé kékeré fi ń ṣí. Bẹ́ẹ̀ ICMPv6 yẹn náà ni sáfà fi ń mọ aládùúgbò ẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó o bá dí gbogbo ẹ̀ pátápátá, IPv6 ẹ lè kú fin-ín. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dí i.

OmoOkeAdo

Ọ̀gá OmoAjase, inú panel ló wà lóòótọ́! 443 nìkan ni mo ti gbà láyè fún ::/0, mi ò rántí 80. Mo ti ṣe é, AraHouston tún un sá, 80 ti dáhùn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan tó kún inú error.log mi, mo rò pé tuntun ni, ìgbà tí mo wo ẹ̀yìn ó ti wà níbẹ̀ láti oṣù tó kọjá:

```
connect() failed (111: Connection refused) while connecting to upstream,
upstream: "http://[::1]:3000/"
```

Ṣé IPv6 tí mo ṣí ló fà á ni?

Iya_Ibeji_Dev

Rárá o àbúrò mi, ìyẹn ò kan ojúlé ìta, inú ilé ni ọ̀rọ̀ yẹn wà. Ó dá mi lójú pé `proxy_pass http://localhost:3000;` lo kọ. Localhost yẹn, ìyẹn ẹ̀rọ yẹn fúnra ẹ̀, IP méjì ló ní nínú /etc/hosts, 127.0.0.1 (IPv4) àti ::1 (IPv6), nginx sì máa ń mú méjèèjì bíi pé backend (app tó wà lẹ́yìn nginx) méjì lo ní, á lọ kan èyí, á lọ kan ìyẹn. Node ẹ ń gbọ́ ní 127.0.0.1 nìkan, torí náà tó bá ti kan ::1 wọ́n á lé e, á wá lọ sí èkejì. Ìdí nìyẹn tí oníbàárà ò fi rí nǹkan kan, tí log wá ń kún. Kọ ọ́ báyìí:

```
proxy_pass http://127.0.0.1:3000;
```

Kó o sì wo inú app ẹ, ibi tí listen wà, kọ '127.0.0.1' síbẹ̀ náà, má kọ 'localhost'. Èyí ṣe pàtàkì gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo gbé app oníbàárà mi kan láti Node 16 lọ sí 18 ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, bí mo ṣe tan án pa dà 502 (nginx ò rí app bá sọ̀rọ̀) ló kù. Nginx mi ń kan 127.0.0.1, app mi ń gbọ́ ní 'localhost'. Láti Node 17 ni wọn ò ti to IPv4 síwájú mọ́, bí DNS bá ṣe tò ó fún wọn ni wọ́n ń lò ó, lórí ẹ̀rọ yẹn ::1 ló ṣáájú, app mi bá lọ jókòó sí ::1 láìsọ fún ẹnikẹ́ni. `ss -tlnp` ló tú u fó, mo rí [::1]:3000 níbi tí mo ti ń retí 127.0.0.1:3000.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un torí mo rí i pé àwọn kan máa ń yọ ara wọn lẹ́nu: backend ò nílò IPv6 rárá. Àlejò lè gba IPv6 bá nginx, kí nginx gba IPv4 bá app sọ̀rọ̀ nínú ilé, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tí reverse proxy wà fún nìyẹn.

Àmọ́ o, IP àlejò máa wọ inú app ẹ nínú X-Forwarded-For. Lọ wo database ẹ. Tó bá jẹ́ VARCHAR(15) lo fi pamọ́, IPv4 nìkan ló gbà níbẹ̀, IPv6 lè gùn tó lẹ́tà 39, èyí tó bá gbé IPv4 sínú IPv6 lè tó 45 tí wọ́n bá kọ ọ́ ní kíkún. PostgreSQL ní irú kan tó ń jẹ́ inet, ìyẹn gba méjèèjì, òun ni mo fẹ́ràn jù.

OmoOkeAdo

Yéè! VARCHAR(15) ni, lórí tébù àwọn tó ń fi àṣẹ ìrajà sílẹ̀. Ìyẹn ni pé ká ní ìkìlọ̀ yẹn ò dá ẹ̀gbọ́n mi dúró, tó bá tẹ bọ́tìnì ìrajà yẹn, kò ní wọlé nìyẹn. Mo ń lọ pààrọ̀ ẹ̀ báyìí. Ẹ ṣeun gan-an mà.

Soro_Soke

Mo ti ń kà á látàárọ̀. Ẹ má bínú o, ṣé wàhálà yìí tiẹ̀ yẹ fún sáìtì kékeré? IPv4 ṣáà ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn.

Baba_Sáfà

Ìbéèrè tó dáa ni. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó àti pákó àárín ọ̀nà ni wọ́n fi gbé e dúró. IPv4 ò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ, ọjọ́ 3 oṣù kejì 2011 ni IANA, tó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì fún gbogbo ayé, pín èyí tó kù lọ́wọ́ wọn tán, AFRINIC tó ń pín in fún Áfíríkà láti Mauritius náà ti wà ní àkókò ìṣọ́lò láti 2017. Látìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ló ń kó oníbàárà rẹpẹtẹ sábẹ́ IPv4 kan ṣoṣo. Tí ẹnì kan nínú wọn bá ṣe ohun tí kò dáa tó o sì dí IP yẹn, gbogbo àwọn yòókù lo tì síta. AWS (àwọn Amazon tó ń yá èèyàn ní sáfà) ti ń gba owó lórí IPv4 kọ̀ọ̀kan láti oṣù kejì 2024. Lórí T-Mobile ní Amẹ́ríkà, IPv6 ni fóònù ń gbà, tó bá fẹ́ dé ibi tí IPv4 nìkan wà, wọ́n ní láti túmọ̀ ẹ̀ fún un lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ń tajà fún àwọn tó wà lókè òkun, ó yẹ kó ṣí ojúlé yẹn.

Ọ̀rọ̀ dídí IP yìí náà ní ti IPv6 o. Wọ́n sábà máa ń fún ilé kan ní /64 odindi (àkójọ àdírẹ́ẹ̀sì rẹpẹtẹ tí ìdajì àkọ́kọ́ wọn jọra), èèyàn kan lè máa yí àdírẹ́ẹ̀sì pa dà nínú ẹ̀ bó ṣe wù ú. `limit_req_zone $binary_remote_addr`, tí nginx fi ń dín iye ìbéèrè àlejò kọ̀ọ̀kan kù, ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí èèyàn ọ̀tọ̀. Tó o bá fẹ́ dí ẹnì kan, /64 ẹ̀ ni kó o dí, má dí àdírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo.

AraHouston

Ó ku kan, àbúrò, kó o tó dá AAAA pa dà. Ṣé Let's Encrypt (àwọn tó ń fúnni ní sáàtífíkéètì lọ́fẹ̀ẹ́) lo ń lò? Tí orúkọ bá ti ní AAAA, IPv6 ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà wá yẹ̀ ẹ́ wò, ní pọ́ọ̀tù 80. Tí ibẹ̀ ò bá dáhùn rárá wọ́n lè tún gba IPv4, ṣùgbọ́n tó bá dáhùn pẹ̀lú 404 láti server mìíràn, wọ́n á kọ̀ fún ẹ ni. Ìyẹn ni mo fi tẹnu mọ́ pọ́ọ̀tù 80. AAAA ló yẹ kó gbẹ̀yìn gbogbo nǹkan, kí ohun gbogbo ti máa ṣiṣẹ́ kó o tó júwe ojúlé yẹn fún aráyé. Tó o bá dá a pa dà, sá `certbot renew --dry-run` (ìdánwò gbígba sáàtífíkéètì tuntun) kó o rí i pẹ̀lú ojú ẹ.

OmoOkeAdo

Mo ti dá a pa dà lálẹ́ àná. Dry-run yọrí fún sáìtì méjèèjì. Error [::1]:3000 yẹn ò tíì jáde látìgbà tí mo ti kọ 127.0.0.1. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kó ṣí i, ó ní ó ti ṣí, kò sí ìkìlọ̀, mo ní kó ra nǹkan kan ká fi dán tébù tuntun yẹn wò, ó sì ṣì wà lórí fóònù nígbà tí èyí já bọ́ nínú log:

```
2001:db8:5a:1c00:8d3e:41ff:fe02:77b1 "POST /ra HTTP/2.0" 200
```

Ó ra ẹlẹ́kọ yáàdì márùn-ún. Màmá ti ń bá a ká a.

Baba_Sáfà

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, tí kò bá sí ẹjọ́ kankan, gbé TTL yẹn pa dà sí 3600.